Bí Kọ̀ǹpútà Ọmọ Bá Ń Kú Lórí Géèmù, Ẹ Má Tíì Sáré Ra Tuntun

Ọ̀rọ̀ tiwa lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ti ń ṣe géèmù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ Fortnite, Roblox tàbí Minecraft. Níbi tí géèmù ti ń dùn gan-an, kọ̀ǹpútà alágbèéká á kàn kú. Wọ́n á tún un tàn, kò ní pẹ́, ó tún kú. Ọmọ á ní àfi kí ẹ ra tuntun. Bàbá á ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ inú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ èyí, kó má sì jẹ́ ìyẹn. Owó kọ̀ǹpútà kì í ṣe owó kékeré, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe èyí tó wà nílé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ da iṣẹ́ ilé-ìwé ọmọ àti fọ́tò ẹbí sórí flash drive. Kọ̀ǹpútà tó ń kú léraléra lè ba fáìlì jẹ́. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà, fọ́tò ìgbéyàwó kò ṣeé rà.

Ẹ wo bó ṣe ń kú

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń pa kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Bó bá kú lójijì bí ìgbà tí NEPA mú iná lọ, ooru tàbí iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ojú rẹ̀ bá di búlúù (ó ti di dúdú lórí Windows 11 tuntun láti ọdún 2025), tí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan sì hàn níbẹ̀, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Driver tàbí RAM ló sábà máa ń fà á. Bó bá jẹ́ pé géèmù nìkan ló ń pa ara rẹ̀ dé, fáìlì géèmù tàbí driver ni. Bí géèmù bá dúró gan, tí fóònù tó wà lórí Wi-Fi kan náà kò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀ yín.

Windows fúnra rẹ̀ máa ń kọ àkọsílẹ̀. Ẹ tẹ "reliability" sínú àpótí ìwákiri, kí ẹ yan View reliability history. Ẹ ó rí ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi kún kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà.

Ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Géèmù máa ń fi agbára lo kọ̀ǹpútà ju iṣẹ́ ilé-ìwé lọ. Ara rẹ̀ á gbóná, fáànù á máa fa atẹ́gùn tútù wọlé, á sì máa lé èyí tó gbóná jáde. Tí ọmọ bá gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí kápẹ́ẹ̀tì, ihò atẹ́gùn á dí. Bí ooru inú rẹ̀ bá sún mọ́ 100°C, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ dẹ́rìn, tí kò bá sì rọlẹ̀, wọ́n á pa ara wọn kí wọ́n má baà jóná. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń gbà là yẹn.

Ẹ gbé e sórí tábìlì tó le. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi agolo atẹ́gùn fẹ́ eruku inú ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú géèmù, ẹ dín graphics kù sí Low, kí ẹ sì fi frame rate sí 60. Bí kò bá kú mọ́, ẹ ti mọ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. HWiNFO, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á sọ bó ṣe gbóná tó fún yín.

Ṣájà, bátìrì àti driver

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà. Kọ̀ǹpútà géèmù tó nílò 180 tàbí 230 watt kò lè fi ṣájà 65 watt ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí bátìrì bá wú, tí ibi títẹ̀ sì ń gbé sókè, ẹ má ṣájì í mọ́, ẹ má sì gún un. Ó lè gbiná.

Ẹ gba driver lọ́dọ̀ NVIDIA, AMD, Intel tàbí ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà nìkan. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ fi tuntun sí i ni ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀, Roll Back Driver wà nínú Device Manager. Fún fáìlì géèmù, Steam àti Epic ní ibi tí wọ́n ń pè ní Verify. Windows Memory Diagnostic ló ń yẹ RAM wò.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Bí nǹkan kan bá hàn lójú kọ̀ǹpútà pé kí ẹ pe nọ́ńbà kan kíákíá, ẹ má pè é. Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kó jìnnà sí Robux ọ̀fẹ́.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀tọ́ yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, òfin Consumer Rights Act 2015 fún yín ní 30 ọjọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, kí ẹ gba owó yín. Láàárín oṣù 6, ẹni tó tà á ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ má sì tú kọ̀ǹpútà tó ṣì wà lábẹ́ warranty. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ka ìwé warranty yín dáadáa.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tó ṣì ń kú, ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ yà. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ọjà rẹ̀, wọn kì í rí i rẹ́ jẹ.