Ẹsẹ̀ Wa Lọ́nà Ilé-Ẹ̀kọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjẹgun-Ẹ̀gbá ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ní Èkó ti ń sún mọ́ ₦500, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. Àwọn òbí kan ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Èmi kò rò pé ìrìn fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a tọrọ àforíjì lé lórí. Irú ọ̀nà tí a ní kí wọ́n rìn ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti ara. Ní ọdún 1953, dókítà kan ní Ìlú Ọba, Jerry Morris, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti London. Awakọ̀ jókòó títí iṣẹ́ fi parí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní tirẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ, ó ń sọ̀ bọ̀, kí ó lè gba owó. Ọkọ̀ kan náà ni, òpópónà kan náà ni; síbẹ̀ àrùn ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀ ju ti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. (Kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó tiwa tí ń fò mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ń ṣe eré ìdárayá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n kò gba ọmọ ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fara wé e.)

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn, ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, àti ìpíndọ́gba wákàtí kan lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 5 sí 17. Ẹni tí ń rìn kánmọ́kánmọ́ a máa rin kìlómítà kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Bí ilé rẹ bá jìnnà ní kìlómítà kan àti ààbọ̀, ìṣẹ́jú 18 ni àlọ, 18 ni àbọ̀. Wákàtí mẹ́ta ni láàárín ọjọ́ márùn-ún. Òbí tí ó bá sin ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa láràárọ̀, tí ó sì rìn padà sílé, ti ṣe ju ìwọ̀n tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Ìjẹgun-Ẹ̀gbá kì í ṣe London. Ìlú dẹ́pò epo ni ìlú wa, àwọn tánkà ni ó sì ni ọ̀nà. Tánkà tí ó gbé lítà 33,000 bẹntiróòlù ru ẹrù nǹkan bí tọ́ọ̀nù 24, láìka irin ọkọ̀ náà mọ́ ọn. Bí awakọ̀ tilẹ̀ tẹ bíréèkì lójú ẹsẹ̀, ẹrù náà ṣì ń tì í síwájú, epo tí ń mì nínú àgbá sì ń kún un. Ibi tí awakọ̀ jókòó sí ga, nítorí náà ọmọ tí ó gba iwájú imú ọkọ̀ kọjá lè má hàn sí i rárá. Apá ọ̀tún ọkọ̀ tún burú, nítorí apá òsì ni òun wà. Bí tánkà bá sì ń yí kọ́nà, táyà ẹ̀yìn kì í tẹ̀ lé ipasẹ̀ táyà iwájú. Inú kọ́nà ni ó ń gé gbà.

Mo mọ èyí dájú. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, mo dúró sí etí kọ́nà kan, mo rí i pé orí ọkọ̀ ti kọjá, mo sì rò pé ewu ti kọjá. Táyà ẹ̀yìn gun àpò ìwé mi. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ títí di òní ni ó ti fà mí lọ́rùn aṣọ sẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ dúró jìnnà sí kọ́nà títí ìdí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Ẹ má ṣe gba àárín tánkà méjì tí ó dúró kọjá, nítorí ẹ kò mọ ìgbà tí ọ̀kan yóò ṣí. Ẹ sì rìn ní apá òsì ọ̀nà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, apá òsì ni ọkọ̀ tí ó sún mọ́ ọ jù yóò ti máa bọ̀ lójú rẹ, tí kì í ṣe lẹ́yìn rẹ. Òdìkejì èyí ni mo ń rí láràárọ̀.

Ẹ wo Festac Town nítòsí wa, tí a kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà ti ọdún 1977: a ti la òpópónà, a sì ti fún un ní nọ́ńbà, kí àlejò tó dé. Níhìn-ín, ilé àti dẹ́pò ni ó kọ́kọ́ dé. Ẹlẹ́sẹ̀ ni a rántí gbẹ̀yìn. Mo bẹ Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ kí wọ́n bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìdérí gọ́tà, nítorí orí gọ́tà tí a bá dé dáadáa ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù.

Kí ìyẹn tó dé, àwọn ọmọ àdúgbò kan ti ń rìn pọ̀ láti sáà tí ó kọjá: àgbà kan níwájú, àgbà kan lẹ́yìn, àwọn kékeré láàárín. Ìdí ìsọ̀ búrẹ́dì ni wọ́n ti ń pàdé ní agogo méje ku ogún ìṣẹ́jú. Ìyá tí ń ta búrẹ́dì náà ti ń bá wa ka iye wọn.