Omi Òkè Ló Ń Jẹ Ilẹ̀ Mustang: Bí Wọ́n Ṣe Ń Pààrọ̀ Páànù Tó Ti Dípẹtà

Ọ̀rọ̀ mọ́tò àtijọ́ la gbé dé lónìí, pàápàá Ford Mustang ti ọdún 1965 àti 1966, èyí tí ẹ máa ń rí lórí Instagram tí ẹ ó sì fi àmì iná mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀. Mọ́tò yẹn rẹwà, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ká rọ́ọ̀gì inú àwọn mìíràn nínú wọn sókè, títì lẹ máa rí.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford gbé Mustang jáde níbi ìpàtẹ àgbáyé ìlú New York, ó sì tà ju 400,000 lọ láàárín ọdún kan. Mustang kò ní ṣáàsì tó dá dúró bíi ti lọ́rì. Ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti òrùlé ni wọ́n jó pọ̀ tó di egungun mọ́tò. Páànù tín-ín-rín tí ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn náà ni síìtì jókòó lé, òun náà ni wọ́n de bẹ́líìtì mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti jẹrà, bẹ́líìtì tuntun kò lè gbà yín lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Ṣe ló máa fa ilẹ̀ náà ya.

Ibo wá ni omi ti ń wọlé? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìsàlẹ̀ ni, pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ní àríwá Amẹ́ríkà ló fà á. Iyọ̀ ń ṣe tiẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ òkè ni wàhálà Mustang yìí ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìdí gíláàsì iwájú, ẹ máa rí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Àpótí irin kan wà lábẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní cowl. Omi òjò máa ń bọ́ síbẹ̀, ó sì yẹ kó ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ihò atẹ́gùn méjì wà nínú àpótí náà, wọ́n sì fi irin yí ẹnu wọn ká bí ọrùn ìkòkò kí omi má baà ya wọ inú mọ́tò. Ewé àti ìdọ̀tí á kó jọ sídìí ọrùn yìí, wọ́n á mú omi dání, irin á jẹrà, omi á wá máa kán síbi ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ti ẹni tó jókòó tì í. Rọ́ọ̀gì á fà á mu bíi kàn-ìn-kàn-ìn, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ bu omi sínú cowl, kí ẹnìkan fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá ń kán, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kàn ra páànù tuntun fún ìpẹtà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ ra mọ́tò, ẹ fi ẹwà ọ̀dà sílẹ̀ ná, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi síkúrúdíráfà gún un wò. Àwọn kan máa ń fi ọ̀dà dúdú tó ki bo ibi tó ti jẹrà, wọ́n á tẹ́ rọ́ọ̀gì tuntun lé e, owó ńlá ni wọ́n á pè.

Ó yá, ó kan iṣẹ́. Ẹ tú wáyà bátìrì, ẹ kó síìtì àti rọ́ọ̀gì jáde. Páìpù epo àti ti bíréékì ń gba abẹ́ ilẹ̀ yìí kọjá, ẹ tú wọn kúrò lọ́nà, kí ohun ìpaná sì wà nítòsí. Ẹ má gbé mọ́tò sórí jáàkì nìkan. Kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan, ẹ jó irin ìdábùú sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí, pàápàá tó bá jẹ́ Mustang tí kò ní òrùlé irin, torí tí ilẹ̀ bá ti kúrò, ara mọ́tò lè tẹ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé mọ́.

Tó-tò-tó ni ilé iṣẹ́ jó páànù mọ́ irin abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá àwọn ojú ibi tí wọ́n jó yẹn, kẹ́ ẹ fi dírììlì lu páànù òkè nìkan láì lu irin abẹ́. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Ṣé kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ ni àbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀? Bí ihò náà ò bá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí irin àyíká rẹ̀ sì le, ẹ lẹ̀ ẹ́. Bó bá ti jẹ ẹ́ dé ìdí síìtì, odidi páànù ni kẹ́ ẹ rà, wọ́n ṣì ń ṣe tuntun. Ẹ gbé tuntun lé e wò kẹ́ ẹ tó gé ti àtijọ́, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ díẹ̀ kù kí irin méjèèjì lè gorí ara wọn.

Irin náà ò nípọn ju bíi mílímítà kan lọ. Tí ẹ bá jó o lọ gbọọrọ, ooru á ká a kò. Ẹ jó o díẹ̀ níbí, ẹ fò lọ sí ọ̀hún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Ọ̀dà tó ní zinc ni wọ́n ń kùn sáàárín irin méjèèjì kí wọ́n tó jó wọn pọ̀. Èéfín rẹ̀ lè fa ibà, torí náà ẹ ṣiṣẹ́ níbi tí atẹ́gùn wà, kẹ́ ẹ sì lo ìbomú tó yẹ.

Lẹ́yìn náà lẹ máa fi seam sealer dí gbogbo ojú ibi tí irin ti pàdé, lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó kun ọ̀dà. Ẹ má tíì tẹ́ rọ́ọ̀gì o. Ẹ bu omi sínú cowl lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ pa á wò láràárọ̀ bóyá ó ṣì gbẹ.