Kí A Rọ Ọ́ Ni, Tàbí Kí A Rà Á? Ọ̀rọ̀ Tírélà Kékeré Ilé Wa

Ní Ìbàdàn, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí a kì í náwó: bí kì í bá ṣe ìgbéyàwó, ìkómọ ni, bí kì í bá ṣe ìkómọ, ìsìnkú àgbà ni. Àwọn ìnáwó wọ̀nyí ni ìyá mi fi tọ́ wa, nítorí àga oníke àti kánọ́pì ni ó máa ń fi háyà fún àwọn olóde. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń jẹ èrè mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá fi ọwọ́ ọ̀tún gba owó, awakọ̀ á gbà á ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìdí nìyí tí àbúrò mi ọkùnrin fi dá a lábàá pé kí a ní tírélà tiwa.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé má ṣì mí gbọ́. N kò sọ nípa tírélà gàgàrà tí ń gbé kọ̀ǹténà jáde ní Àpápá. Tírélà kékeré onítáyà méjì ni mò ń wí, èyí tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kí ọkọ̀ lè máa fà á lọ. Ó wúlò fún àgbẹ̀, fún alásè, fún olórin, àti fún ẹni tí ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí òde. Ìbéèrè tí ó sì máa ń kọ́kọ́ dìde ni pé: ṣé kí a rọ ọ́ ni, tàbí kí a rà á?

Àwa rọ ọ́. Jórinjórin kan ní àdúgbò gbà á ṣe ní iye tí kò tó ìdajì owó tọ́kunbọ̀. Ó yọ ọ̀pá táyà ẹ̀yìn lára ọkọ̀ ògbólógbòó kan (axle ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é), ó jó irin onígun mọ́ ọn, ó tẹ́ pákó sí i, ó sì kùn ún ní ọ̀dà búlúù. Tírélà náà dán, ó wu ojú. Oṣù mẹ́ta péré ni ó fi sìn wá.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, a kó igba àga sínú rẹ̀, a sì forí lé ọ̀nà Ọ̀yọ́. Nígbà tí a kọjá Mọ́níyà, tí ọ̀nà já geere, àbúrò mi tẹná díẹ̀. Lójijì, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í mì sọ́tùn-ún, ó ń mì sósì. Ó tẹ bíréèkì, mímì náà tún le sí i. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ là, tírélà já, ó yà kúrò lójú títì. Ìyá alágbàdo kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àpótí rẹ̀ láti lọ wá ṣéńjì fún oníbàárà ni. Orí àpótí náà ni tírélà wa gùn.

Ẹ̀mí kankan kò bọ́. Síbẹ̀, ìyá mi kò fọhùn títí a fi délé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sọ lálẹ́ ọjọ́ náà: "Èmi ni wọn ì bá sọ pé mo pa á."

Bí a ti ń sunkún, à á máa ríran. A gbé ohun tí ó ṣẹ́ kù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbà kan, ó sì fi tépù wọ̀n ọ́n lójú wa. Láti ibi tí tírélà ti so mọ́ ọkọ̀ dé táyà ọ̀tún àti dé táyà òsì, ó yẹ kí ó dọ́gba. Tiwa fi ìbú ìka mẹ́ta yàtọ̀ síra! Gbogbo ìgbà tí a ń wà á ni ó ti ń fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àṣìṣe kejì, ọwọ́ àwa fúnra wa ni ó ti wá. A kó àga jọ sí ìdí tírélà kí ó lè rọrùn láti sọ̀ kalẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ẹrù wà níwájú ọ̀pá táyà. Ìwúwo tí ó máa tẹ ìdí ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré jù: ìdá 10 sí 15 nínú 100 ni àwọn tí ń lò ó ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, bí ìwé ọkọ̀ bá gbà á. Bí ìdí tírélà bá ti wúwo ju iwájú rẹ̀ lọ, jíjó ni yóò máa jó lẹ́yìn ọkọ̀.

Àṣìṣe kẹta ni pé a kò ka ìwúwo kún. Bí àga kan bá wúwo tó kílò 2 àbọ̀, igba àga di kílò 500. Irin àti pákó tírélà tiwa sì tó kílò 400. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé ní London sọ fún wa pé lọ́dọ̀ wọn, tírélà tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 750 lọ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì ìwúwo ọkọ̀ tí ń fà á lọ. Kílò 900 ni àwa ń fà, láìsí bíréèkì.

Ìyá mi ní kí a lọ ra tọ́kunbọ̀, kí ọkàn òun balẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ ti wọn tọ́kunbọ̀ kí wọ́n tó jó o, ó sì máa ń ní àwo irin kékeré tí a kọ ìwúwo tí ó lè gbé sí. Ṣùgbọ́n òun náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ọ̀dà tuntun lè bo irin tí ó ti dógùn-ún. Ẹ gbé táyà rẹ̀ sókè, kí ẹ yí i. Bí ó bá ń ké tàbí tí ó ń mì, bíárìn rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára táyà: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ wo bọ́ọ̀lù irin tí a ń so ó mọ́ pẹ̀lú: ti Yúróòpù jẹ́ mílímítà 50, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà sì jẹ́ ínǹṣì 2, ìyẹn mílímítà 50.8. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè yọ kúrò nínú ìkejì lójú títì.

Níkẹyìn, a kò rọ gbogbo rẹ̀, a kò sì ra gbogbo rẹ̀. A ra ìdí rẹ̀, a rọ orí rẹ̀. Ọ̀pá táyà, sípíríngì, bíréèkì àti orí ìsopọ̀, tọ́kunbọ̀ tí a yẹ̀ wò fínnífínní ni. Jórinjórin mìíràn, ẹni tí ó máa ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gé e, ni ó kan ara rẹ̀ ní ìwọ̀n àga wa. A ní kí ó fa ọrùn rẹ̀ gùn sí i, nítorí ọrùn gígùn máa ń dín mímì kù. Owó rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ kò tó ti odidi tọ́kunbọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ibi tí ẹ̀mí èèyàn bá rọ̀ mọ́, kí a ra ohun tí a ti dán wò. Ibi tí ó bá jẹ́ ẹrù nìkan ni ó rọ̀ mọ́, kí a rọ ọ́ bí ó ti wù wá. Bí ó bá jẹ́ inú oko ni tírélà yín kò ní jáde sí, tí kò ní sáré, rírọ gbogbo rẹ̀ lè tó. Bí ẹ kò bá sì ní ẹni tí ó mọ irin dáadáa nítòsí, ẹ fara mọ́ owó tọ́kunbọ̀.

Ìyá mi ti ra àpótí mìíràn fún ìyá alágbàdo náà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí àbúrò mi tó gbé ọkọ̀ jáde, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ọkọ̀. Kì í sọ pé kí ó rọra wà á mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń bi í: "Ṣé o ti kọ́ ṣéènì rẹ̀?"