Ilẹ̀ Líle àti Ilẹ̀ Rírọ̀: Bí a ṣe lè fi táìlì alásopọ̀ tẹ́ àgbàlá tí kò ní ṣe ọmọdé àti àgbà léṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìbéèrè kan tún wà tí ó yẹ kí á bi ara wa lórí ọ̀rọ̀ yìí: irú ilẹ̀ wo ni àwọn méjèèjì ṣubú lé?

Àwọn ará Aládé, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó para pọ̀ jẹ́ Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, mọ ohun tí ilẹ̀ líle ń jẹ́. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 sì ni àlejò ń gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́ náà títí di òní. Nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú, òkúta akọ kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Níbi tí kì í bá ṣe òkúta, kankéré tàbí íńtálọ́ọ̀kì ni a sábà máa ń tẹ́ sí àgbàlá ilé-ìwé, ilé ìjọsìn, ilé ìlera àti ilé gbígbé.

Ilẹ̀ líle ní àǹfààní púpọ̀. Kì í di ẹrẹ̀ lásìkò òjò, ọkọ̀ lè gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fi orí já bọ́ sí i láti orí jáńgílófà lè fara pa gidigidi. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ̀ pé kò pọn dandan kí gbogbo àgbàlá jẹ́ líle. A lè so táìlì líle àti táìlì rírọ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, kí olúkúlùkù wà níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Kí ni ìtẹ́lẹ̀ alásopọ̀?

Ìtẹ́lẹ̀ alásopọ̀ ni ilẹ̀ tí a kò dà ní odidi, bí kò ṣe pé a tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí etí ẹyọ kan sì há mọ́ etí èkejì. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa.

Èkínní ni íńtálọ́ọ̀kì kankéré, tí a fi sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta lílọ̀ ṣe nínú fọ́ọ̀mù. A kì í fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Yanrìn kíkúnná tí a gbá sínú ojú àsopọ̀ rẹ̀ ni ó ń mú kí ẹyọ kan bá èkejì gbé ẹrù.

Èkejì ni táìlì rọ́bà. Táyà tí ó ti gbó ni a ń lọ̀ wẹ́wẹ́, tí a fi àtè pò pọ̀, tí a sì tẹ̀ mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní eyín létí tàbí ihò tí a ń fi ọ̀pá kékeré so.

Ẹ̀kẹta ni táìlì eléyín tí a ń lò nínú ilé. Fóòmù ni a fi ṣe èyí tí ó rọ̀, ike sì ni a fi ṣe èyí tí ó le. Bí eyín méjèèjì bá bára mu, a lè tò wọ́n sínú yàrá kan náà: líle sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti sí ojú ọ̀nà, rírọ̀ sí ibi tí ọmọ ń ṣeré tàbí ibi tí òṣìṣẹ́ ń dúró sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ kíyè sí i pé eyín táìlì ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà wọ inú ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ó dára kí á ra líle àti rírọ̀ náà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí á sì tò wọ́n wò kí á tó sanwó.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa

Títo ilẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àpáàdì ni wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ náà mọ́ Lúwòó, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà ní pẹlẹbẹ. Ńṣe ni wọ́n gbé e dúró lórí etí rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n sì ti tò ó bí eegun ẹja. Bí eegun ẹja náà ni ó yẹ kí bíríkìlà òde òní to íńtálọ́ọ̀kì níbi tí ọkọ̀ ń gbà, nítorí pé bí a bá tò ó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í lè tì í kúrò ní ipò rẹ̀.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, orílẹ̀-èdè Họ́láǹdì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo íńtálọ́ọ̀kì kankéré káàkiri. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́pò bíríkì alámọ̀ ní òpópónà.

Ní ti èyí tí ó rọ̀, a kò ní láti wo ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Freetown Waste Management Recycle, tí Arábìnrin Ifẹ́dọlápọ̀ Rúnṣéwé dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré. Táyà àlòkù ni wọ́n ń sọ di bíríkì ìtẹ́lẹ̀ àti táìlì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2021, táyà tí wọ́n ti tún ṣe bẹ́ẹ̀ ti lé ní 100,000. Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ ju ti ilẹ̀ rírọ̀ lọ. Táyà tí a jù sẹ́yìn ilé máa ń gba omi òjò dúró, ẹ̀fọn a sì máa pamọ inú rẹ̀. Èyí tí a bá sun ń tú èéfín olóró sí afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí.

Ibo ni líle, ibo ni rírọ̀?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ táìlì méjèèjì rí.

Líle ni ó yẹ ní ojú ọ̀nà ọkọ̀, ojú ọ̀nà ẹsẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn àti ìdí ẹ̀rọ omi. Íńtálọ́ọ̀kì tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6 tó fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Níbi tí ọkọ̀ yóò máa gbà, kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 8. Líle náà ni ó yẹ ẹni tí ó ń fi ọ̀pá rìn tàbí tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláìlera. Ilẹ̀ tí ó bá rọ̀ jù yóò máa gbé ọ̀pá mì, yóò sì máa di kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, kí á má ṣe rò pé rírọ̀ ni ó dára jù fún àgbàlagbà níbi gbogbo. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí kò yọ̀, tí kò sì dán bíi dígí.

Rírọ̀ ni ó yẹ lábẹ́ jáńgílófà, àtẹ̀gùn ìṣeré àti gbogbo ohun tí ọmọ ń gùn. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń mójú tó ààbò ọjà dámọ̀ràn pé kí ilẹ̀ rírọ̀ yí ohun ìṣeré ká tó nǹkan bíi mítà 1.8 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ní ti jáńgílófà, kí ó gùn síwájú àti sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì gíga ibi tí a so okùn rẹ̀ mọ́. Bí ibẹ̀ bá ga ní mítà 2, ilẹ̀ rírọ̀ yóò gùn ní mítà 4 síwájú àti mítà 4 sẹ́yìn.

Bí ohun ìṣeré bá ṣe ga tó ni táìlì rọ́bà rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Kí á béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á pé: láti ibi gíga wo ni a ti dán an wò pé ọmọ lè já bọ́ kí orí rẹ̀ má fara pa púpọ̀? Ẹni tí ó mọ ọjà rẹ̀ yóò ní ìwé ìdánwò náà lọ́wọ́.

Ilé-ìwé tí owó rẹ̀ kò bá ì tíì tó táìlì rọ́bà kò gbọ́dọ̀ dúró láìṣe nǹkan kan. Àjọ kan náà sọ pé yanrìn tí kò ki, tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 23, lè dáàbò bo ọmọ tí ó já bọ́ láti ibi tí ó ga ní mítà 1.2. Ṣùgbọ́n kí á máa tú yanrìn náà déédéé, kí á sì máa fi kún un, nítorí ẹsẹ̀ ọmọdé àti òjò yóò máa tẹ̀ ẹ́ ki. Koríko àti ilẹ̀ lásán kò tó ààbò.

Ojú àsopọ̀ ni iṣẹ́ wà

Bí ibi tí líle ti pàdé rírọ̀ kò bá dọ́gba, ilẹ̀ tí a tẹ́ nítorí ìṣubú yóò di ohun tí ń gbé ènìyàn ṣubú. Báyìí ni ó yẹ kí a ṣe é:

1. Kí á kọ́kọ́ darí omi. Ní ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti Aládé, àgbàrá láti orí òkúta lè wọ́ yanrìn lọ lábẹ́ táìlì ní òjò kan ṣoṣo. Kí á la gọ́tà sí apá òkè àgbàlá, kí á sì jẹ́ kí ojú ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè ṣàn kúrò.

2. Kí á wa erùpẹ̀ dúdú òkè kúrò, kí á da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí á sì gún un títí yóò fi le.

3. Kí á fi kankéré ṣe etí yí íńtálọ́ọ̀kì ká, títí kan ibi tí yóò ti pàdé rọ́bà. Bí etí yìí kò bá sí, yanrìn abẹ́ líle yóò sá lọ sábẹ́ rírọ̀, líle náà yóò sì rì.

4. Kí á ṣírò gíga méjèèjì kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Bí íńtálọ́ọ̀kì bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 6 lórí yanrìn sẹ̀ǹtímítà 3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9. Bí táìlì rọ́bà bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, tí kò sì ní yanrìn lábẹ́, ìsàlẹ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 4 ga ju ìsàlẹ̀ ti líle lọ. Ṣíṣàì ṣe ìṣírò yìí ni ó máa ń jẹ́ kí àgbàlá ní ìkọsẹ̀ láàárín.

5. Kí á to íńtálọ́ọ̀kì, kí á gbá yanrìn gbígbẹ sínú ojú rẹ̀, kí á sì fi ẹ̀rọ gún un kí ó jókòó. Ìgbà tí èyí bá parí tán ni kí á tó to rọ́bà, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀.

6. Kí á fi igi gígùn tí ó tọ́ wọn ojú àsopọ̀ náà wò. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí ó wà fún ojú ọ̀nà àwọn aláìlera ni pé ohun tí ó bá yọ sókè ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ kò gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ láìṣe àtúnṣe. Òdiwọ̀n náà yẹ fún wa pẹ̀lú.

Àwọn ohun tí ó yẹ kí á ṣọ́ra fún

Kòkó ni olórí iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìdànrè. Kòkó sì máa ń yára fa òórùn ohunkóhun tí ó bá wà nítòsí rẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ sá kòkó sórí táìlì rọ́bà rárá. Orí íńtálọ́ọ̀kì pàápàá, yanrìn ojú àsopọ̀ lè dà pọ̀ mọ́ ọn. Orí ẹní tí a gbé ga sórí pẹpẹ ni ó yẹ ẹ́.

Rọ́bà dúdú máa ń gbóná nínú oòrùn ọ̀sán. Ibi tí igi tàbí òrùlé bá ti ṣíji bò ni kí á tẹ́ ẹ sí. Bí kò bá ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kàn án wò kí àwọn ọmọ tó fi ẹsẹ̀ lásán jáde.

Táìlì fóòmù tí òórùn rẹ̀ bá le jù kò yẹ ní yàrá ọmọ ọwọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù fòfin de títa irú fóòmù eléyín bẹ́ẹ̀ nítorí kẹ́míkà formamide tí a rí nínú rẹ̀. Kí á yọ táìlì tuntun kúrò nínú ọ̀rá, kí á sì tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ wà fún ọjọ́ mélòó kan kí á tó lò ó. Bí òórùn náà kò bá lọ, kí á dá a padà. Bákan náà, kí á má ṣe tẹ́ fóòmù sí ilé ìwẹ̀, nítorí yóò máa yọ̀ lórí omi.

Ìtọ́jú rẹ̀

Àǹfààní ńlá tí ìtẹ́lẹ̀ alásopọ̀ fi ju kankéré dídà lọ ni pé ó ṣeé tú, ó sì ṣeé tún tò. Bí páìpù omi bá bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, a kò ní láti fọ́ àgbàlá. Ńṣe ni a ó yọ àwọn ẹyọ tí ó wà níbẹ̀, a ó tún páìpù ṣe, a ó sì dá wọn padà. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí a bá ra táìlì, kí á ra ẹyọ díẹ̀ lé e, kí á sì fi wọ́n pamọ́, nítorí ó lè ṣòro láti rí èyí tí ó bá a mu lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn àkókò òjò, kí á gbá yanrìn tuntun sí ojú àsopọ̀, kí á fa koríko tí ó bá hù níbẹ̀, kí á sì tẹ eyín rọ́bà tí ó bá ti ṣí padà.

Kí á tó sanwó

A rọ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àwọn alábòójútó ilé ìjọsìn àti ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ tẹ́ àgbàlá láti bi bíríkìlà ní ìbéèrè mẹ́rin yìí: Níbo ni omi yóò gbà jáde? Kí ni yóò di etí ilẹ̀ náà mú? Báwo ni líle àti rírọ̀ yóò ṣe dọ́gba? Láti ibi gíga wo ni a ti dán táìlì rọ́bà yìí wò?

Bí owó kò bá tó fún gbogbo àgbàlá, kí á bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ jáńgílófà. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń já bọ́, ibẹ̀ náà sì ni ó yẹ kí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ rọ̀.