Ta ló ń tọ́jú ìwé gbèsè yín? Ewu tó wà nínú kíkó fáìlì sórí sáfà

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan ń ta aṣọ ní Datcha, ìlú tí ilé iṣẹ́ aṣọ sọ di mímọ̀ nítòsí Atakpamé, lórílẹ̀-èdè Tógò. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń ra aṣọ láwìn, wọn a wá san owó nígbà tí wọ́n bá ta òwú wọn tán. Inú ìwé pélébé ló ń kọ gbèsè sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà bá a kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, fóódà tí àkọsílẹ̀ náà wà kọ̀, kò ṣí. Ìyá pe ọmọ náà lórí fóònù.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Fáìlì yín ò sọnù, orí sáfà ló wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò sí."

"Sáfà wo? Ilé ta ló wà?"

Àpẹẹrẹ lásán ni ìtàn yìí, àmọ́ ìbéèrè tí ìyá béèrè yẹn ló yẹ kí gbogbo oníṣòwò tó ń lo kọ̀ǹpútà tàbí fóònù máa béèrè.

Báwo ni fóódà ṣe ń kúrò nínú ẹ̀rọ?

Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń kó nǹkan sí, tí wọ́n sì tún ń lọ mú nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lè wà nínú yàrá kejì ní ọ́fíìsì, ó sì lè wà ní òkè òkun.

Láti ìgbà Windows 2000 ni ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti lè darí fóódà àwọn òṣìṣẹ́ sí orí sáfà. Orúkọ fóódà ṣì máa hàn lójú ẹ̀rọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ibòmíì ni ẹrù inú rẹ̀ wà. OneDrive náà ń ṣe ohun tó jọ èyí: bí ẹ bá ti gbà fún un, á kó Desktop, Documents àti Pictures yín lọ sórí sáfà Microsoft.

Èrè wà níbẹ̀ o. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, tàbí tí omi dà sí i, àkọsílẹ̀ yín ṣì wà. Àmọ́ bí ohun kan bá ṣe sáfà, gbogbo ẹni tó gbójú lé e ló kàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní South Korea

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, iná ṣẹ́ yọ lára bátìrì nínú ilé tí ìjọba South Korea ń kó sáfà sí ní ìlú Daejeon. Ètò kọ̀ǹpútà ìjọba tó dúró nítorí rẹ̀ jẹ́ 709.

Lára ohun tó jóná ni G-Drive. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pé ibẹ̀ ni kí wọ́n máa kó fáìlì iṣẹ́ sí, dípò inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi 125,000 ló ń lò ó. Fáìlì tó wà níbẹ̀ tó 858 tẹràbáìtì, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì, nítorí wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ di eérú. Iléeṣẹ́ tó pàṣẹ fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé orí G-Drive nìkan ni kí wọ́n kó nǹkan sí ló fara gbá a jù.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2021, iná jó ilé sáfà OVHcloud ní Strasbourg, ní Faransé. Àwọn oníbàárà kan ní ẹ̀dà fáìlì lóòótọ́, àmọ́ inú ọgbà kan náà ló wà. Iná kó méjèèjì lọ.

Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já

Kò dìgbà tí iná bá jó. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní Côte d'Ivoire, Ghana, Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní agbègbè wa. Fáìlì àwọn èèyàn kò sọnù, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ìdí rẹ̀ ti dí.

Wáyà Equiano ti Google ti gúnlẹ̀ sí Lomé láti oṣù Kẹta, ọdún 2022, èyí sì dára fún Tógò. Síbẹ̀, ọ̀nà jìn láti Lomé dé Datcha. Bí iná mànàmáná bá lọ, tàbí tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọṣẹ́, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ rí fáìlì tí ibùgbé rẹ̀ jẹ́ òkè òkun nìkan.

Àwọn ewu mìíràn

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí fáìlì bá ti wà lórí fóònù, lórí kọ̀ǹpútà àti lórí sáfà, ó ti di mẹ́ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan náà ni, tó ń hàn níbi mẹ́ta. Bí ọmọ bá ṣèèṣì pa á rẹ́ lórí fóònù, ó máa pa rẹ́ níbi yòókù.

Bákan náà ni àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń ti fáìlì pa, tí wọ́n á ní kí ẹ sanwó kí wọ́n tó ṣí i. Bí wọ́n bá wọ ẹ̀rọ kan tó so mọ́ sáfà, fáìlì gbogbo ọ́fíìsì lè bá a lọ.

Àyè tún máa ń kún. Ọ̀fẹ́ Google kò ju 15GB lọ, ti OneDrive jẹ́ 5GB. Bó bá ti kún, fáìlì tuntun kò ní wọlé mọ́. Láti oṣù Kejìlá, ọdún 2023, Google sì ti ń pa àkáǹtì tí olówó rẹ̀ kò ṣí fún ọdún méjì rẹ́.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe?

Ẹ máa ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí ẹ̀rọ yín, ọ̀kan lórí sáfà, ọ̀kan lórí fláàṣì tí ẹ yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì fi sí ilé mìíràn. Lórí OneDrive, ẹ yan kí fáìlì tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ máa wà nínú ẹ̀rọ nígbà gbogbo, kó lè ṣí bí kò tiẹ̀ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá yín gbé fóódà lọ sórí sáfà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ ṣí fáìlì bíi mélòó kan níbi tuntun náà, kí ẹ tó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹ béèrè ta ló ni àkáǹtì náà. Ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ aṣínà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ tó bá yín ṣe é nìkan.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé fláàṣì náà jáde, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣí.

Ní ti ìyá aláṣọ wa, kó má tíì ju ìwé pélébé rẹ̀ nù. Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.