Tìmùtìmù Ẹ̀yìn Àwọn tí Ń Fi Páráṣúùtì Fò

Obìnrin tí ó bá fẹ́ ru ìkòkò omi kì í gbé e ka orí lásán. Yóò kọ́kọ́ ká aṣọ, yóò fi ṣe òṣùká, kí ìdí ìkòkò má baà máa ni ín lórí. Òṣùká náà kò gbọdọ̀ rọ̀ jù, nítorí pé bí ó bá rọ̀ jù, ìkòkò yóò máa yí kiri. Kò sì gbọdọ̀ le bí òkúta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tìmùtìmù tí a ń rán mọ́ àpò páráṣúùtì, ní ojú àpò tí ó kọ sí ẹ̀yìn ẹni tí ó gbé e.

Gbígbé páráṣúùtì kọ́ ẹ̀yìn kì í ṣe ohun àná. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1919, Leslie Irvin fò láti inú ọkọ̀ òfuurufú ní pápá McCook, ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn tí ó ṣí páráṣúùtì tí ó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó balẹ̀ láàyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn èyí, àwọn tí ń fi fífò ṣe eré ìdárayá a máa gbé páráṣúùtì ńlá sí ẹ̀yìn, wọn a sì so èkejì, èyí tí ó wà fún ọjọ́ ewu, mọ́ iwájú. Lóde òní, méjèèjì ni ó wà nínú àpò kan náà ní ẹ̀yìn. Iwájú ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó wá ń gbé gbogbo rẹ̀, ó sì lè tó kílò 10 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò fò rí lè rò pé ojú òfuurufú ni ẹrù yìí ti ń ni ènìyàn lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 4,000 mítà sókè, jíjá bọ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ, ọkàn kì í sì í sí lára ẹrù ní àkókò náà. Nígbà tí páráṣúùtì bá sì ṣí, okùn itan ni ènìyàn fi ń jókòó. Ìyà ẹ̀yìn wà ní ìgbà tí a bá ń dúró de ọkọ̀ nínú oòrùn, àti nígbà tí gbogbo wọn bá há mọ́ra nínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 tí ó fi ń gòkè. Ní irú ìlú bí DeLand ní ìpínlẹ̀ Florida, níbi tí a ti ń rán ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpò wọ̀nyí, oòrùn mú púpọ̀, òógùn a sì máa ṣàn lábẹ́ àpò bí omi.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá ohun tí ó rọ̀ jù lọ. Wọn a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọn a rí i pé ó rì wọlé bí ìrọ̀rí, inú wọn a sì dùn. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kọ́ ni yóò ru ẹrù. Tìmùtìmù tí ó rọ̀ tí ó sì nípọn jù yóò wú nígbà tí a bá ń fún okùn mọ́ra ní ilẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gòkè tán, yóò ti tẹ́ pẹlẹbẹ, okùn tí ó le tẹ́lẹ̀ yóò sì ti dẹ̀. Àpò tí okùn rẹ̀ bá dẹ̀ a máa yẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ewu ńlá ni èyí. Lára ọ̀pọ̀ àpò òde òní, ìdìmú tí a fi ń ṣí páráṣúùtì ńlá wà ní ìsàlẹ̀ àpò lápá ọ̀tún, níbi tí ojú kò lè dé. Ọwọ́ nìkan ni ó ń wá a, ibi tí ó sì ti mọ̀ ọ́n sí ni yóò ti wá a. Bí àpò bá ti yẹ̀, ọwọ́ lè bọ́ sí òfìfo. Ẹni tí ó ń já bọ̀ ní 200 kìlómítà ní wákàtí kan ń sún mọ́ ilẹ̀ ní mítà 55 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Fóòmù irú ti ibùsùn ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn. Polyurethane ni a fi ń ṣe é, ohun tí Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hùmọ̀ ní Jámánì ní ọdún 1937. Ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ já sí ara wọn, nítorí náà ni ó ṣe rọ̀, nítorí náà náà ni ó ṣe ń mu òógùn bí kànrìnkàn. Kì í tètè gbẹ, a sì máa rùn. Bí ó bá pẹ́, yóò máa fọ́ wẹ́wẹ́ nínú aṣọ tí a fi bò ó.

Irú fóòmù kejì ni èyí tí ihò rẹ̀ dí pa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ẹyin. Irú rẹ̀ ni a fi ń ṣe sílípáàsì ìwẹ̀. Kì í mu omi, kì í sì í tètè tẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé atẹ́gùn kò lè gba inú rẹ̀ kọjá: ẹ̀yìn yóò gbóná, òógùn kò sì ní rí ibi gbà.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe fóòmù rárá. Aṣọ polyester ni, ojú méjì bí àwọ̀n, tí òwú tín-ín-tín-ín tí ó dúró ṣánṣán sì so ojú kan mọ́ èkejì bí òpó ilé. Atẹ́gùn ń fẹ́ gba àárín òpó wọ̀nyí kọjá, omi a sì ro dànù. Koríko ẹlẹ́gùn-ún ni ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá wọ́ àpò nílẹ̀, ojú àwọ̀n a máa há, a sì máa ya.

Èyí tí ó dára jù ni kí a fi fóòmù oníhò dídí, tí kò nípọn, sí ìhà àpò, kí a sì fi aṣọ alátẹ́gùn yìí sí ìhà ara. Ọ̀kan ń dí ohun líle inú àpò lọ́wọ́, èkejì ń gbẹ òógùn. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á má ṣe fi àpò òfìfo dán an wò. Kí ó gbé èyí tí páráṣúùtì méjèèjì wà nínú rẹ̀, kí ó fún okùn, kí ó jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó sì tún fi ọwọ́ yẹ okùn wò bóyá ó ti dẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tí ó ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ni ó yẹ kí ó pààrọ̀ tìmùtìmù àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe ńlá lára páráṣúùtì di ti ọ̀gá oníṣẹ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tú páráṣúùtì ọjọ́ ewu láti tún un dì, èyí tí òfin ibẹ̀ ní kí a máa ṣe kí ó tó kọjá ọjọ́ 180, ni ó dára kí ó yẹ tìmùtìmù náà wò. Bí òógùn bá ti dípẹtà sí i, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí a fi nù ún, kí a sì sá a sí ibòòji, nítorí pé oòrùn a máa ba aṣọ náílọ́ọ̀nù jẹ́.