Gẹ̀ẹ́sì sọ bàbá di obìnrin lẹ́nu ọmọ Yorùbá! Ohun tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti rí nípa ẹ̀ látọdún 1970

Ẹ yà sí Ẹnuwá, ẹ gba Sábó kọjá, ẹ dé Mayfair, kò síbi tẹ́ ẹ máa dé n'Ilé-Ifẹ̀ tẹ́ ò ní í gbọ́ ọ. Wọ́n á béèrè bàbá lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ á ní, "My daddy, she has gone to market." Bàbá ti di obìnrin nìyẹn! Àwọn tó wà níbẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní olódo ni.

Olódo kọ́ o. Èdè ìyá ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀. "Ó" tí Yorùbá ń lò fún ọkùnrin la ń lò fún obìnrin, òun náà la ń lò fún ewúrẹ́. Ta ló dàgbà ju ta lọ ló ká Yorùbá lára, kì í ṣe akọ tàbí abo. Ìdí nìyẹn tẹ́lòmíì fi máa ń sọ pé, "My mummy, they are sleeping," bẹ́ẹ̀, ìyá kan ṣoṣo ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ò fẹ́ rí ìyá ẹ̀ fín ni.

Èyí tó ń sọ pé òun ń "hear" òórùn ọbẹ̀ ńkọ́? "Gbọ́" ló ń túmọ̀. Etí la fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a tún ń gbọ́ òórùn, a tún ń gbọ́ èdè. Béèyàn bá sì fẹsẹ̀ kọ, a ní "sorry", Òyìnbó á máa wò wá bíi pé àwa la gbé òkúta síbẹ̀. "Pẹ̀lẹ́" là ń sọ. Ká sòótọ́, "sorry" tiwa yìí dáa ju tiwọn lọ.

Ti pípe ọ̀rọ̀ ló wá le jù. Yorùbá ò ní "ch", kò ní "v", kò ní "z", ni "chair" bá di "share", "very" di "fery", "zoo" di "soo". Ti "h" ni tiẹ̀, àdììtú ni, torí Yorùbá ní in. Síbẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ lára "house", wọ́n á lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ "egg", ó di "hegg".

Ẹ̀rín ni o, àmọ́ ẹkún ń bẹ nínú ẹ̀. Ọmọ tí ò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC, ọ̀nà yunifásítì dí mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ̀rù yìí ló ń jẹ́ kí òbí máa lu ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ilé, táwọn iléèwé kan sì ń gba fáìnì lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ "vernacular".

Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1987, ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀ fọ́dún mẹ́fà gbáko. Wọn ò pa Gẹ̀ẹ́sì tì o, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù lo Yorùbá fọ́dún mẹ́ta, wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sórí ìwọ̀n, àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀!

Fáfúnwa padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1990, ó sì kú lọ́dún 2010. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kú. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Túnjí Aláùsá kéde pé àwọn ti wọ́gi lé e, pé òun ló ń jẹ́ káwọn ọmọ máa féèlì WAEC àti JAMB.

Àwọn tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní Mọdákẹ́kẹ́ lọ́dún 1970 ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn ṣì ṣeé bi léèrè.